Ohun Kẹta Tí Mi Ò Bi Wọ́n

Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi ní yunifásítì da ìwé mi padà lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní bí mo bá tún gbé irú ẹ̀ wá, kí n máa gba ilé lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n má gba ìwé mọ́. Yàrá kan ni èmi àti màmá mi ń gbé ní Addo lẹ́bàá Ajah nígbà náà, lásìkò tí wọ́n ń fẹ títì Ẹ̀pẹ́ lójú, màmá mi sì ti sọ fún gbogbo ìjọ aláṣọ funfun wọn pé mo ti gboyè tán.

Ìwádìí náà ò le lójú mi: ṣé bí èèyàn bá ṣe ń pẹ́ lójú títì tó ni inú ṣe ń bí i tó? Fáríábù méjì ni, ìyẹn ohun méjì tó máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Wákàtí ojú títì ló ń fà á, ìbínú ló ń tẹ̀lé e. Àmọ́ ohun tí ọ̀gá mi ń kọ síbẹ̀ nígbà gbogbo ò ju "Kí ló tún kù?" lọ. Mi ò mọ ohun tó kù. Mo sunkún sórí ìwé náà títí lẹ́tà ibẹ̀ fi pòórá.

Mo tún gbé ìwé ìbéèrè jáde. Lẹ́yìn Ajah, létí ọ̀sà, mo bá ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja. Mo ń ka ìbéèrè sí wọn létí, wọ́n ń dáhùn. Wọn kì í wọ mọ́tò rárá, síbẹ̀ ìbínú wọn ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. Ìdáhùn kan yìí fẹ́ ba gbogbo iṣẹ́ mi jẹ́. Mo dorí kodò, mo fẹ́ fi bírò sọ òdo tí mo kọ síbi wákàtí di mẹ́fà.

"Kí lò ń tún ṣe níbẹ̀?" ìyá náà bi mí.

Mo purọ́ pé mo ṣì í kọ ni.

"O bi mí bí inú ṣe ń bí mi tó. O ò bi mí pé kí ló dé."

"Ẹ má bínú, Màmá. Kí ló dé?"

Wọ́n nawọ́ sí odi gàgàrà kan lọ́ọ̀ọ́kán. "Ibẹ̀ la ti ń gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn tó mọ odi yẹn lé wa. Àwọn ọmọ mi ti kó kọjá Ṣàngótẹ̀dó, agbára káká ni mo fi ń rí wọn. Ṣé títì ló lé wọn ni?"

Mo jókòó sórí yanrìn. Mo rántí àwọn èrò ọ̀nà jíjìn tí mo ti bi ní ìbéèrè ṣáájú, tí wọ́n ń ráhùn pé wọ́n wó ilé àwọn, tí mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá lílé tí wọ́n lé wọn ló ń bí wọn nínú, òun náà ló sì gbé wọn jìnnà síbi iṣẹ́ tí wọ́n fi ń pẹ́ lójú títì. Ohun kẹta wà lẹ́yìn méjèèjì.

Mo fi òdo náà sílẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ yan ibi tí ẹ ń gbé?" Àwọn kan lé mi. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ géètì ní ẹ́stéètì VGC kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún. Ọ̀pọ̀ ni mi ò rí mọ́.

Ọ̀gá mi kà á tán. "Ó ti yé ọ báyìí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó o rí ò tó. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kó o tó gboyè."

Wọn ò lé mi. Mo bọ́ síta, mo forí lé Addo láti lọ sọ fún màmá mi pé mi ò tíì gboyè.