Iyọ̀ Tó Yọ́ ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mi

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin nígbà tó wà láyé, ikú rẹ̀ kò sì yí ìyẹn padà. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló fà á.

Ìgbà ogun ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Mò ń ta iyọ̀ ní Èsìẹ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ní Òmù-Àrán ni mo ti ń rà á, òun ń rà á lọ́wọ́ Alhájì kan ní Ìlọrin, Alhájì sì ń kó o láti Èkó.

Awakọ̀ kan ló wá sọ lọ́jà pé ọkọ̀ ojú omi tó ń kó iyọ̀ bọ̀ ti rì. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin tó máa ń ra kóńgò kan ti ń ra mẹ́ta, ó ń tì í sábẹ́ ibùsùn. Kò sẹ́ni tó fi kún iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀. Iyọ̀ kàn ń ṣí kúrò nílé mi lọ sílé wọn ni.

Mo gba Òmù-Àrán lọ, mo bèèrè ìlọ́po méjì iyọ̀ tí mo nílò, torí mo mọ̀ pé ìdajì ló máa fún mi.

“Ìyàwó, ṣé iyọ̀ lẹ fi ń wẹ̀ ní Èsìẹ́ ni?”

“Ìyá mi, àwọn èèyàn ń rà á ni.”

Ó fi ẹsẹ̀ ti ìdajì náà sọ́dọ̀ mi bí ẹni ń fún ajá lóúnjẹ.

Àwọn tó ń ta iyọ̀ ní Àrán-Ọ̀rin náà ṣe bíi tèmi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí bí gbogbo wa ṣe ń bèèrè, ọ̀kánjúwà wọ̀ ọ́ lójú, ó ránṣẹ́ sí Ìlọrin pé òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alhájì náà fi tirẹ̀ lé e kó tó ránṣẹ́ sí Èkó. Ìgbà tí ẹrù yóò fi dé, ọkọ̀ akẹ́rù kún dé òkè, iyọ̀ abẹ́ ibùsùn kò sì tíì tán. Kò sẹ́ni tó rà lọ́wọ́ mi.

Mo ti oko dé lọ́jọ́ kan, mo bá àpò iyọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi títí kan àjà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga mi.

“Ìyá mi, mi ò bèèrè èyí.”

“O bèèrè. Etí mi ni mo fi gbọ́.”

“Ìgbà tí mo bèèrè, ìdajì lẹ fún mi.”

“Èmi ni mo tọ́ ọkọ ẹ dàgbà. O ò tó ẹni tó ń kọ ẹrù mi.”



Mi ò fọwọ́ kan àpò kankan. Òjò dé, òrùlé jò, iyọ̀ yọ́, omi rẹ̀ ṣàn lọ sẹ́yìnkùlé, ó pa gbogbo ẹ̀fọ́ tí mo gbìn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá wò ó, ó pè mí ní àjẹ́ lójú àdúgbò.

Mo ní, “Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o lá a.” Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní “o”.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò ra iyọ̀ mọ́, èmi náà kò rà, Alhájì sì jáwọ́. Ìkòkò iyọ̀ àwọn obìnrin wá gbẹ, iyọ̀ sì wọ́n ní tòótọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ tó rì. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n ń bú mi pé mo kó iyọ̀ pamọ́. Mo ní kí wọ́n lọ bá a ní Òmù-Àrán. Àwọn tó lọ ní ohun tó sọ fún wọn ni pé kí wọ́n padà wá bá mi.