Àkeekèé Oṣù Kọkànlá

Òórùn ògì tó ń hó ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màámi bù díẹ̀ sínú agolo fún mi, torí Ańtí Fúnkẹ́, tíṣà wa, ní ká mú ohun tí a ó fi lẹ bébà wá. Àmì ìràwọ̀ méjìlá tí àwọn ará ìgbàanì rí lójú ọ̀run ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa, kí kálukú sì lẹ ti oṣù tí wọ́n bí i mọ́ páálí.

Kìnnìún bọ́ sí Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi, lọ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni wọ́n bí èmi, àkeekèé sì ni tèmi. N ò tíì lẹ ìrù rẹ̀ tán tí Ṣadé fi sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ má jókòó ti Àdùkẹ́ o, yóò ta yín!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ìgbà tí mo délé, ara àbúrò mi tó ṣì ń mu ọmú ti gbóná janjan. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n láàárọ̀. Màámi ní kí n gbé e dání kí àwọn lè dá ọ̀kadà dúró. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn.

"Àdùkẹ́, kí ló dé?"

Mo bú sẹ́kún. "Àkeekèé ni mí, Mà. Èmi ni mo ta á."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi láyà. "Ibà ló ń ṣe é. Ọwọ́ tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún kì í ta ọmọ. Ó yá, ká lọ."

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń mu ọmú, ó ń fa irun mi, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi bá mi dé ilé ìwé. Ẹ̀rù ìjà ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí Ańtí Fúnkẹ́ ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà." Wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì to àwọn ìràwọ̀ àkeekèé sójú bọ́ọ̀dù, wọn ò fa ìlà kankan. "Kí lẹ rí?" Ẹnì kan ní ìwọ̀ ẹja, òmíràn ní ìgbákọ. Ṣadé ní, "Ìrù ajá!" Ańtí rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Ènìyàn ló fa ìlà sí i. Ìràwọ̀ ò mọ Àdùkẹ́ rí." Ṣadé padà wá jókòó tì mí, mo sì mí kanlẹ̀.

Tíṣà lèmi náà báyìí, ní Ọ̀yọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan bi mí bóyá ìràwọ̀ mọ ohun tí òun máa dà. "Kò mọ̀ ọ́n," ni mo tètè dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sáré jáde lọ ṣeré. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ò mọ̀ pé a lè bi tíṣà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé èyí mọ̀.