Páànù tí Wọ́n ń Tọ́jú fún Ọ̀fà

Màjàlà bọ́ sórí aṣọ funfun tí mo sá sórí okùn. Ó rọra já wálẹ̀ láti òkè, ó dúdú, ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, bí mo sì ti fọwọ́ kàn án ló fọ́ sí mi níka. Pápá ń jó níbì kan lọ́nà Achimota, ní Accra níbí. Ọyẹ́ ti dé, àwọn tó ń dáná sun koríko ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi wọn, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí pápá bá ń jó lóko, màjàlà ni í wá ṣòfófó nílé. Ṣùgbọ́n òfófó tí èyí ṣe fún mi kì í ṣe ti Achimota. Ti Wàsíù ni, ọmọ àbúrò mi, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abossey Okai, tó sì ń kọ́lé sẹ́yìn Dodowa, níbi tí iná ti ń gba ìsàlẹ̀ òkè kọjá lọ́dọọdún.

Koríko ni Wàsíù fẹ́ fi bo ilé náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: koríko. Ó rí irú rẹ̀ nínú fóònù, ilé àwọn òyìnbó kan létí òkun, ó ní ó rẹwà, ó sì ń mú ilé tutù. Bẹ́ẹ̀ páànù wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, ojúlówó alumíníọ̀mù tó lọ rà ní Tema, tó nípọn, tí kò lè dípẹtà. Ọkọ̀ ẹrù ló fẹ́ kó o sí, kí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀fà, ìlú wa, kí wọ́n fi bo ilé tó kọ́ síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀. Ilé tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ yóò máa sùn sí, koríko. Ilé tí aláǹgbá yóò máa sùn sí, páànù.

Nígbà tí mo gbọ́, mo pòṣé. Ẹ̀yin ọmọ òde òní rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gọ̀. Rárá o. Àwọn ọ̀gá yín ti gbé inú agbo ilé wa rí.

Lapaz tí ẹ mọ̀ lónìí, tí ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kéèyàn ríbi tẹsẹ̀ sí, pápá gbalasa ni nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Koríko ibẹ̀ ga jù mí lọ. Àárín rẹ̀ ni agbo ilé àwa ará Ọ̀fà wà, àwọn yàrá alámọ̀ tó yí àgbàlá kan po, igi dóńgóyárò sì dúró láàárín. Òórùn ọṣẹ dúdú àti ti aṣọ tuntun ló máa ń jí wa láàárọ̀, torí ohun tí àwọn ìyá wa ń tà nìyẹn. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, àwa ọmọdé á jókòó yí Alùfáà ká lábẹ́ igi, wàláà á wà lórí itan wa, a ó máa kéwú, a ó sì máa fi ojú kan ṣọ́ obìnrin tó ń dín kelewele, dòdò aláta, lójúde. Alùfáà mọ̀. Ẹgba rẹ̀ gùn tó láti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó jìnnà jù. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí, àní ti ẹgba náà pẹ̀lú.

Àmọ́ ẹ gbójú sókè. Koríko ló wà lórí gbogbo yàrá wọ̀nyẹn, koríko tó gbẹ, tó ń jò, tí èkúté ń bímọ sí. Kì í ṣe pé wọn kò ní páànù. Àṣà wọn ni pé bí ọjà bá ti tà, páànù ni wọ́n ń rà. Wọ́n á fi ẹní dì í, wọ́n á tò ó ti ògiri lẹ́yìn ibùsùn, títí yóò fi tó bo odidi ilé kan, kí wọ́n wá kó o lọ sí Ọ̀fà. Wọ́n ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni Accra. Ta ni í fi páànù bo ilé àlejò? Bí àwọn onílẹ̀ bá ní kí Àláàtà, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá, máa lọ lọ́la ńkọ́? Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé èdè Gã, èdè àwọn onílẹ̀, ni àwọn ọmọ wọn fi ń bú ara wọn.

Baálé wa ló burú jù. Páànù tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á tú ẹní, á máa fi àkísà nu páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi ìka ta á kí àlejò lè gbọ́. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Ọ̀fà á gbọ́!" Bí òjò bá wá dé, koríko á máa jò sórí òun àti Ìyá Aláṣọ, ìyàwó rẹ̀. Tàpólì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá. Kò ní fi bo ibùsùn, kò ní fi bo ìyàwó, páànù ni yóò gbé e lọ bò. Ojú mi ló ṣe. Ọkùnrin kan jókòó sínú òjò, ó ń ṣọ́ òrùlé kí òjò má baà pa á.

Ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ni pápá jó dé ọ̀dọ̀ wa. Iná gan-an ṣì jìnnà. Màjàlà ló ṣáájú, tó ṣì ń pọ́n létí. Ó bà lé òrùlé kan, èéfín rú díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń fa ìkòkò tábà, kí a sì tó sọ pé ẹ bu omi wá, òrùlé ti di iná. Ìyá mi tì wá síta, ó ju àpótí ọṣẹ rẹ̀ tẹ̀lé wa. Ìyá Aláṣọ wà lọ́jà ní tirẹ̀. Àwọn àpótí aṣọ rẹ̀, gbogbo ohun tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ, wà nínú yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù ọkọ rẹ̀. Baálé sá wọlé. A rò pé aṣọ ló lọ gbé. Àfi bí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe ń fa páànù jáde, ìdì tẹ̀lé ìdì, tó ń pariwo pé, "Ẹ rọra, ẹ má fi ha ilẹ̀!" Nígbà tó fi yọ ìdì tó kẹ́yìn, òrùlé ti wó lu àwọn àpótí.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí mo ti dàgbà, n kò sì tí ì rí irú rẹ̀. Ọkùnrin náà wọnú iná, ó gbé ohun tí iná kò lè jó, ó fi ohun tí iná ń jó sílẹ̀.

Ìyá Aláṣọ dé nírọ̀lẹ́. Ó wo eérú, ó wo páànù tó ń dán lábẹ́ igi. Kò sunkún. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ránṣẹ́ pe káfíńtà. Bàbá mi wà ní Kùmásí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, torí bó bá wà nílé ni, ìpàdé ni wọn ì bá ṣì máa ṣe. Páànù tiwa, tí ẹnikẹ́ni kò fà jáde, wà nínú eérú níbi tí a tò ó sí. Èéfín ti pa á láró lápá kan, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri náà ṣì dúró. Bí káfíńtà ti gbé igi sókè ni Baálé dé.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ṣé orí rẹ pé? Páànù Ọ̀fà lo fẹ́ fi bo ilé àlejò?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀fà kò bá mi sùn síta lánàá."

Kò dúró lórí páànù nìkan. Ó ní páànù kì í jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n màjàlà lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé lọ bá igi. Ó po amọ̀, ó fi dí gbogbo ihò tó wà létí òrùlé. Ó sì ní kí a ro gbogbo àyíká ilé títí ilẹ̀ pupa fi hàn, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ewé gbígbẹ sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Baálé kó páànù rẹ̀ lọ sí Ọ̀fà, ó fi koríko tuntun bo yàrá rẹ̀. Ọyẹ́ ọdún kejì, pápá tún jó. Koríko tuntun náà gbiná. Ní tiwa, màjàlà ń bọ́ sórí páànù, ó ń kú síbẹ̀. Gbogbo agbo ilé kó ẹní wá sábẹ́ òrùlé ìyá mi, Baálé náà pẹ̀lú. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wòkè. Kò fi ìka ta páànù yẹn. Lapaz níbí náà ló kú sí. Mo ti dé ilé rẹ̀ ní Ọ̀fà rí, ilé tó rẹwà. Aláǹgbá ló kí mi káàbọ̀.

Bí mo ti gbọ́ ti koríko yẹn, mo ní kí Wàsíù wá, ó sì mú ọmọ rẹ̀ dání. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ìlàjì, bí àwọn tí a bí síbí ti ń ṣe é. Mo mú wọn lọ sí ilé ìdáná mi, mo ní kí wọ́n wòkè. Páànù ìyá mi ni mo tú wá bò ó, ibi tí èéfín pa láró kò tíì ṣí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Àǹtí, òótọ́ ni paa," ni Wàsíù wí, tó máa ń da èdè Accra mọ́ Yorùbá. "Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa wí ní Ọ̀fà? Wọ́n á ní mi ò ṣe nǹkan kan kóráà."

"Àwọn wo? Àwọn aláǹgbá?"

Ọmọ rẹ̀, tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọmọ náà.

Láàárọ̀ yìí ló pè mí lórí fóònù láti Dodowa, ìró òòlù lórí páànù sì ń dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò yìn ín. A kì í yin àgbàlagbà pé kò ti ọwọ́ bọ iná. Mo kàn bi í bóyá wọ́n ti dí ẹnu páànù, ó ní káfíńtà ti ń po sìmẹ́ńtì.

Pápá Lapaz ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù ti bo ibi tí Alùfáà ti ń nà wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ jẹgba níbẹ̀ sì ti wà nínú ilẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ kò lọ síbì kan ní tirẹ̀. Mo ká aṣọ mi kúrò lórí okùn, mo sì wọ ilé ìdáná lọ. Màjàlà ṣì ń bọ́ sórí páànù ìyá mi, ó ń kú síbẹ̀.