Ọ̀gágun Tí Wọ́n Fi Pamọ́ fún Ọdún Mẹ́sàn-án

Eyín ni obìnrin yìí ń ṣe. Kì í ṣe dókítà o. Dókítà ló ń yọ ti ẹnu, òun ló ń ṣe èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti máa ń jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé, tòun ti ìda, ọ̀bẹ kékeré àti iná kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí á máa gbẹ́ eyín fún àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí. Eléyín ni gbogbo wọn ń pè é níbi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ pé bí eyín kan bá fi bíńtín ga ju èkejì lọ, Eléyín kò ní jẹun títí yóò fi tún un ṣe. Òótọ́ ni. Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé bó ṣe ń ṣe sí eyín náà ló ń ṣe sí ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́. Kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó sì ṣẹ̀ ẹ́ jù lọ láyé rẹ̀, inú géèmù ló wà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì ń gbé nílé màmá wọn, géèmù kan jáde, ti àwọn jagunjagun àti oṣó àti ìlú olódi. Ẹni tó bá ń gbá a ni yóò pinnu ẹni tí yóò kú àti ẹni tí yóò yè. Ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe alágbẹ̀dẹ, òun ló ń fún èèyàn ní idà àkọ́kọ́. Ọ̀gágun kan tí wọ́n ń pè ní Olójú-Kan jẹun lọ́dọ̀ ìyá yìí, ó nu ẹnu, ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn odi fún ọ̀tá. Wọ́n sun ìlú náà. Ìyá alágbẹ̀dẹ jóná mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Eléyín bú sẹ́kún débi pé màmá rẹ̀ sá jáde láti ilé ìdáná.

"Ta ló kú? Ta ló kú?"

"Ìyá alágbẹ̀dẹ ni, Màámi."

"Alágbẹ̀dẹ wo? Níbo la ti mọ alágbẹ̀dẹ?"

Níparí géèmù náà, Ọ̀gágun kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó ń gbá a, wọ́n sì ní kó yan ọ̀kan: kó pa á, tàbí kó tì í mọ́lé. Àbúrò Eléyín kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọkùnrin náà parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó fi bẹ́ ẹ lórí nígbà tó ń gbá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Eléyín wò ó pé idà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọkùnrin náà á ṣubú, orin á dún, ó tán. Ìyẹn kéré jù. Ó tì í mọ́lé. "Apá kejì ń bọ̀," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Jẹ́ kó dúró dè mí níbẹ̀."

Ọ̀gágun dúró, òun náà dúró. Ó kọ́ṣẹ́ parí, ó gba yàrá àti pálọ̀ tirẹ̀, irun funfun kan tàbí méjì yọ lórí rẹ̀, apá kejì kò jáde. Nínú gúrúùpù àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà, Ìyá Ẹ̀san ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó ṣe géèmù náà wá kéde lọ́dún yìí pé ó ti parí, pé yóò ka fáìlì ti àtijọ́, èyí tí géèmù kọ gbogbo ohun tí kálukú ṣe sí, pé ẹni tó bá ti kú ti kú, ẹni tí wọ́n bá sì tì mọ́lé yóò ṣì wà níbi tí wọ́n tì í mọ́, ariwo tó pa níbi iṣẹ́ mú kí eyín mẹ́ta já bọ́ sínú omi gbígbóná.

Àyà rẹ̀ kò sì balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹnì kan nínú gúrúùpù ní ẹni tó kọ ìtàn ti àkọ́kọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sọ Ọ̀gágun di èèyàn rere, pé yóò máa bá èèyàn gbé ẹrù kiri. Eléyín gbé fóònù sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn:

"Ẹ gbọ́, ọkùnrin yẹn ò ní bá mi gbé ẹrù kankan. Ojú ẹ̀ máa rí màbo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò kí wọ́n sọ ọ́ dèèyàn rere, màá lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn."

Wàhálà kan ṣoṣo ló kù. Àkáǹtì kan ni òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń lò láti ilé màmá wọn, fáìlì kan péré sì ni àkáǹtì kan lè fi ránṣẹ́ sí apá kejì. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé ọjọ́ Sátidé, tí géèmù máa wọlé, làwọn máa sọ ti ẹni tí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, bí Eléyín ṣe ń jẹun ọ̀sán, ó rí i nínú gúrúùpù pé àbúrò òun, ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, tó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ẹlòmíràn, ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nínú tirẹ̀, Ọ̀gágun ti kú. Ó tún fi ẹ̀rín sí i lábẹ́.

Ara Eléyín gbóná. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sáré délé màmá mi. Ẹnì kan fẹ́ gba ẹran lẹ́nu mi."

Kò ṣàlàyé, ó ti wọ bàtà. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbá géèmù náà ṣì wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n màmá wọn, aṣọ funfun bò ó. Ó tàn án, ó fi fáìlì tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà bi í pé ṣé kí òun pa èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tún bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì dùn mọ́ ọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kó tó dìde, ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí àkáǹtì náà.

Àbúrò rẹ̀ pè kí ilẹ̀ tó ṣú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe yìí? Ẹ pa gbogbo iṣẹ́ mi rẹ́!"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ dán an wò."

"Ẹ bá mi dá a padà, ẹ jọ̀ọ́."

"Wá sílé mi ní Sátidé. Màá jẹ́ kí o wòran."

Ó wá lóòótọ́, ó jókòó sórí apá àga, ó fajú ro. Apá kejì ti wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eléyín kò wo òkè, kò wo ọjà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló gbà lọ tààrà. Ẹ̀ṣọ́ ṣílẹ̀kùn. Ó gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ tòun ti idà lọ́wọ́. Ó ń tẹ páàdì tó fi ń gbá géèmù náà kíákíá.

Ọkùnrin arúgbó kan ló jókòó sórí ẹní níbẹ̀. Ó fi ojú kan ṣoṣo tó ní wò ó.

"Ta nìyẹn? Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé omi wá?"

Kò rántí ohunkóhun. Kò rántí ìlú, kò rántí iná, kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Àbúrò Eléyín rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ọdún mẹ́sàn-án!"

"Orí àwọn tó ṣe é ò pé," ni Eléyín wí. Ohun méjì ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀: kó pa á, tàbí kó sọ fún arúgbó náà ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe sẹ́yìn. Ó sọ ọ́ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Omi lé ròrò lójú arúgbó náà. "Ta ló ṣe irú ìkà yìí?"

"Ìwọ ni."

Ọkùnrin náà kígbe, ó di orí mú, ó sunkún. Inú Eléyín dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó jáde, ó tún wọlé. Arúgbó ti gbàgbé, ó ní ṣé wọ́n gbé omi wá. Ó tún sọ ọ́ fún un. Ẹkún tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin. Àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó."

"Kò tíì tó."

"Ẹ gbé páàdì wá, kí n pa á fún yín."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

Ó wọlé lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó sọ ọ́ tán. Lọ́tẹ̀ yìí, arúgbó náà kò béèrè ẹni tó ṣe é.

"Ẹni tó ṣe é yẹn, ṣé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni géèmù fún Eléyín. Ó tẹ̀ ẹ́: ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Arúgbó náà mí kanlẹ̀, ó fa aṣọ bora. "Ẹ ṣeun. Ẹ má jẹ́ kó jáde láéláé."

Eléyín jókòó síbẹ̀. Kò jáde, kò sì tún un sọ. Ó wá ìbínú rẹ̀ títí, kò rí ẹni tó máa gbé e kà lórí. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ na ọwọ́, ó gbé páàdì fún un. Àbúrò gbé ìka lé bọ́tìnì tí yóò fi pa á. Ó pẹ́ níbẹ̀, kò lè tẹ̀ ẹ́.