Ta ni Tazuko Yóò Fún ní Máìlì Rẹ̀?

Bí ẹ bá bá Tazuko aránṣọ jẹun níta, ẹ má wulẹ̀ dààmú pé ẹ fẹ́ sanwó. Kò ní gbà kí ẹ san án fún olóúnjẹ. Kì í ṣe pé ó lawọ́ o! Yóò gba owó yín, yóò kó o sápò, yóò wá fi káàdì tirẹ̀ san gbogbo rẹ̀, nítorí yẹ́ẹ̀nì, owó ilẹ̀ Japan, tó bá gba orí káàdì náà kọjá ń bí máìlì, máìlì yìí sì ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbà bí owó. Kò sí ará ọjà ní Amagasaki tí kò mọ ìwà rẹ̀ yìí. Níbi oúnjẹ ìparí ọdún, bí ìkòkò ọbẹ̀ ṣe ń hó lórí tábìlì, Shimomura ẹlẹ́ja á pariwo.

“Tazuko, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ìwọ lo máa sáré wá fi káàdì san owó pósí mi!”

“Kọ́kọ́ kú ná,” Tazuko á dá a lóhùn, “ká wo iye máìlì tí o máa bí.”

Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Wọn ò bímọ. Wọ́n ní àwọn á rìn káyé lọ́jọ́ ogbó, àmọ́ ikú ò jẹ́: ọkọ lọ, káàdì ṣẹ́ kù. Máìlì kì í sì í pẹ́ títí, bí ọdún mẹ́ta bá ti pé lórí rẹ̀, ó kú nìyẹn. Nítorí náà Tazuko a máa fi tirẹ̀ lọ sí erékùṣù Okinawa, òun nìkan, á jẹun lẹ́bàá òkun, á ra ìpanu dídùn bọ̀ fún gbogbo ọjà. Bó bá ti dé, ibojì ọkọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, á bomi sórí òkúta, á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Tẹ́ńpìlì tó ni itẹ́ náà ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ àwọn òkúta kan nítòsí tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn mọ́: kí ẹni tó ni ín yọjú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á hú u. Tazuko kì í ka ìkìlọ̀ náà dópin. Ẹ̀rù ń bà á.

Kinue, tó ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Opó lòun náà, Tazuko sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Mihoko, ọmọ kan ṣoṣo tí Kinue bí, wà ní Kánádà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin níbẹ̀ nígbà òtútù. Owó tí Kinue ì bá fi lọ, ẹ̀rọ tófù tó bàjẹ́ ti gbé e mì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé fóònù wá bá Tazuko. Ọmọ tuntun ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Kò tíì mọ òórùn ara mi.” Ló bá bú sẹ́kún.

“Dákẹ́ jàre! Kí wá ni mò ń kó máìlì sí?” Tazuko ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Àlọ àti àbọ̀ Kánádà wà níbẹ̀. Àmọ́ ìparí oṣù kẹta ni wọ́n máa kú. Wá, ká pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kí n ní ìwọ ni mo fún.”

Ohùn ọmọbìnrin tó gbé fóònù nílé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tutù bí omi àmù.

“Ẹ kú àárọ̀, màmá. Kí ni ẹni tó ń rìnrìn àjò náà jẹ́ sí yín?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Háà, ẹ má bínú, màmá. Ẹbí tímọ́tímọ́ nìkan ni ẹ lè fún: òbí, ọmọ, ọmọ-ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò.”

Tazuko gbé fóònù sílẹ̀. Ojú tì í. Gbogbo ọdún tó fi ń kó máìlì, kò mọ̀ pé òfin yẹn wà, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ fún rí.

Shimomura ti na etí láti ìdí ẹja rẹ̀. “Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí o jù ú lọ? Òfin ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbà á ṣọmọ! Ṣé bàbá tó ń ta mísò ìsebẹ̀ kọ́ ló gba ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣọmọ kó lè jogún ṣọ́ọ̀bù? Kinue, kí màmá ẹ!”

“Lọ wo ẹja ẹ, ó ti ń rùn!” ni Tazuko wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Kinue nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó gbé tófù gbígbóná wá sí ṣọ́ọ̀bù Tazuko, ó sì jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí Shimomura sọ lọ́jọ́sí...”

“Gbàgbé òpònú yẹn.”

“Mi ò lè gbàgbé.”

“Kinue, gbọ́. Ìwé ìdílé tí ìjọba ń kọ orúkọ ẹbí sí kì í ṣe nǹkan eré. Tó bá jẹ́ torí tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò ṣe. Tí o bá lọ tí o bọ̀ tán ńkọ́? Ṣé wàá ní kí wọ́n tún yọ ẹ́ kúrò ni?”

“Ta ni yóò máa bomi sórí òkúta ọkọ yín tí ẹ ò bá sí mọ́?”

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Tazuko. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí.

“Mo rí àwọn ìkìlọ̀ tẹ́ńpìlì yẹn,” ni Kinue wí. “Mo sì rí bí ẹ ṣe máa ń gbójú kúrò. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọmọ yín. Ká ní kò sí máìlì kankan, mo ṣì máa bẹ̀ yín.”

“Irú ẹ, ta ló fẹ́ bí, olóríkunkun?” ni Tazuko wí, àmọ́ omijé ti gbà á lójú.

Shimomura àti ìyàwó rẹ̀ ló ṣe ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ Kinue sínú ìwé ìdílé Tazuko. Shimomura tó ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ wọ kóòtù dúdú, kò sì dápàárá kankan títí wọ́n fi kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba.

Tazuko tún pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kí oṣù kẹta tó parí. Ohùn tútù yẹn náà ló tún gbé e.

“Kí ni ẹni tó ń rìnrìn àjò náà jẹ́ sí yín?”

“Ọmọ mi ni.”

Ọmọbìnrin náà wo ọjọ́ orí àwọn méjèèjì. “Ọmọ... yín, màmá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Tazuko wí. “Ó pẹ́ kó tó dé ni.”

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, ó sin Kinue dé pápákọ̀ òfurufú. Lẹ́nu ibi àyẹ̀wò, Kinue yíjú padà.

“Màmá, mo lọ, mo ń bọ̀ o!”

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń jáde ń sọ fún ará ilé ni. Láti ọjọ́ tí ọkọ Tazuko ti kú, kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ fún un. Kinue sì ti ń wọlé lọ. Ló bá pariwo níwájú gbogbo èèyàn:

“Lọ o, ọmọ mi! Tètè padà wálé!”