Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Tú Kíláàsì Wa Ká

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ rò fún yín lónìí ti pẹ́ nínú mi, ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn ọlọ́tẹ̀ gba Bouaké, ìlú tá à ń gbé, àwọn olùkọ́ wa sá lọ sí Abidjan. Ẹ̀gbọ́n mi Ráfíù, tí wọ́n ti yunifásítì tirẹ̀ náà pa, ló kó wa jọ sí àgbàlá kan ní àdúgbò Ahougnansou, tó ń kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi gbà kí n máa lọ, àmọ́ ó ní ọjọ́ tóun bá gbọ́ ìbọn nítòsí ibẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú baba wa, lòun máa fi mí ránṣẹ́ sí. Èmi tí wọ́n bí sí Bouaké! Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?

Lọ́jọ́ kan, Ráfíù sọ fún wa pé àwọn ìràwọ̀ mìíràn ní plánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ó ní òmìrán kan wà tó tó Júpítà, tó sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ débi pé ọdún rẹ̀ ò pé ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Bí òmìrán bá wá ń ṣí kiri, kí ló ń dé bá àwọn kéékèèké tó wà lọ́nà? Ó ní àwọn kan lè kó sínú iná ìràwọ̀, àwọn kan á di ìjùsọnù sínú òkùnkùn, ọ̀nà àwọn tó kù á sì wọ́.

Ó ní ká fi ara wa ṣe é. Èmi ni òmìrán torí mo sanra, ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ọ̀rẹ́ mi Affoué, ọmọ ẹ̀yà Baoulé, ni plánẹ́ẹ̀tì kékeré. À ń yí po, à ń pariwo.

Àfi bí Alájì, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ṣe yọ lẹ́nu géètì. Ráfíù ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbì! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé.

Affoué àtàwọn yòókù ò mọ ìdọ̀bálẹ̀ Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí àgbà bá ṣubú lulẹ̀ lójijì, ìbọn ń bọ̀ nìyẹn. Wọ́n figbe ta, wọ́n ya gba géètì. Àwọn ọlọ́tẹ̀ tó jókòó sínú mọ́tò lójú títì rí èrò tó ń ya bọ̀, ẹ̀rù ba àwọn náà, wọ́n yìnbọn.

Affoué ni ọta bá. Ó kú kí wọ́n tó gbé e nílẹ̀.

Kíláàsì parí síbẹ̀. Bàbá mi fi mí sínú ọkọ̀ tó gba Burkina lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Affoué wá dágbére fún mi, ó ní kí n má sunkún, kí n ṣáà kàwé. Ó dùn mí ju kó bú wa lọ.

Ráfíù ò dọ̀bálẹ̀ fẹ́nikẹ́ni mọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó dúró gbọn-in níwájú àwọn àna, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé!

Ẹ jọ̀ọ́, ká tó pe ẹnìkan ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ká bi í léèrè ohun tójú rẹ̀ ti rí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé àṣà dáadáa kan ti ṣe yín ní jàǹbá rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì pàdánù ẹnìkan nínú ẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀. Tèmi ń jẹ́ Affoué.