Ọṣẹ Tí Ìyá Mi Fi Ahọ́n Tọ́ Wò

Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí, inú ṣì máa ń bí mi. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó ti pẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́.

Ṣógúnlé la ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí ayálégbé kún fọ́fọ́, bààlúù ń ré kọjá lórí òrùlé wa tàárọ̀ talẹ́. Owó epo ti gun gbogbo èèyàn lórí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ní pápá ọkọ̀ òfurufú, kò sì sí ohun tó tún dára lójú ẹ̀ mọ́ àfi èyí tó bá ti òkè òkun wá. Ìrẹsì òkè òkun, bàtà òkè òkun, títí dórí ìṣáná!

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá mi wá láti Ìsẹ́yìn kí wọ́n lè máa wẹ ọmọ fún mi. Èmi nìkan ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sì ti gbààwẹ̀ títí nítorí ọmọ yìí. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè tà. Òun ni wọ́n fi tọ́ mi, òun ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Wọ́n gbé odidi ìṣù ọṣẹ kan wá, wọ́n fi ewé dì í. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni, wọn ò fi nǹkan mìíràn sí i.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa. Àmọ́ bó ṣe rí ọṣẹ, ó yínmú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, eérú kọ́ la máa fi wẹ ọmọ mi. Ayé ti là." Ó gbé ọ̀pá ọṣẹ òyìnbó kan jáde, funfun báláú, nínú ìwé dídán. Ó ní kí n lọ da tìyá mi nù. Nígbà tí mi ò dìde, òun fúnra ẹ̀ gbé e jáde.

Ìyá mi ò bínú, àbí kí n ní wọn ò jẹ́ kó hàn. Wọ́n gba ọṣẹ òyìnbó náà bí wọ́n ṣe ń gba ọṣẹ ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́jà. Wọ́n fi èékánná họ ọ́. Wọ́n fi omi díẹ̀ pa á láàárín ọwọ́, wọ́n wo bó ṣe ń hó. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí àwọn tó ń se ọṣẹ ṣe ń ṣe nìyẹn: bí eérú bá ti pọ̀ jù, á ta ahọ́n, wọn kì í sì í fi irú ẹ̀ kan ìkókó lára. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, wọn kì í jẹ ẹ́ o!"

"Kò ta," ni ìyá mi wí. "Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Inú ọkọ mi dùn láti kàwé fún wọn. Ó ń ka ara ìwé náà lédè òyìnbó, ó ń túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń lọ: iyọ̀, lọ́fínńdà, ọ̀rá ẹran.

"Ọ̀rá ẹran wo?"

Ó tún ìwé náà wò. Ó yí i padà. Kò sí níbẹ̀.

"Mo ní ẹran wo, Bàbá Ìkókó? Mùsùlùmí ni wá. Tó bá wá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n bèèrè. Tó bá ní òun ò mọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí ìyàwó ayálégbé kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ìbínú bo ìtìjú mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ará oko yìí! Kí lẹ mọ̀? Ẹ fẹ́ kó ìdọ̀tí wá bá mi nínú ilé mi!" À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ jẹ̀ láàtàn. Àna ẹ̀ ló ń bú o. Ìyá tó bí mi! Mò ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, kò dákẹ́.

Ìyá mi gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n lọ wọkọ̀ ní Òṣòdì. A ò tíì sọ ọmọ lórúkọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, nígbà tí wọ́n bèèrè ìyá ìyàwó, ọkọ mi ní ara wọn ò yá. Irọ́ gbuu, níwájú ààfáà!

Èmi ni mo wá ń wẹ ọmọ. Ọṣẹ funfun yẹn náà ló ní kí n máa lò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi ti balùwẹ̀ dé, ó fẹ́ kírun. Ó na ọwọ́ kọjá lórí mi láti mú jálàbíà ẹ̀, mo sì gbóòórùn ọṣẹ ìyá mi lọ́rùn ẹ̀. Mo wo inú garawa tó gbé wọlé. Ewé nìyẹn, ọṣẹ dúdú nìyẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò dà á nù. Ọ̀rá ẹran ń bà á lẹ́rù, ó wá ń fi ọṣẹ ará oko wẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run, ó sì fi èyí tó ń sá fún sílẹ̀ fún èmi àti ọmọ.

Mi ò pariwo. Mo ní, "Ẹ lọ bẹ màmá mi kí wọ́n padà wá."

Ó wọ jálàbíà ẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Kò le tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Sọ fún wọn kí wọ́n fi ọṣẹ díẹ̀ ránṣẹ́ sí i."

Wọ́n fi ránṣẹ́. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó gbé e wá ní ìyá mi ní ká máa fi wẹ ọmọ dáadáa, pàápàá abíyá àti ìtan. Ìyá mi fúnra wọn ò tẹ Èkó mọ́ títí wọ́n fi kú. Ọmọ tí wọ́n torí ẹ̀ wá, wọn ò fọwọ́ ara wọn wẹ̀ ẹ́ rí.